Àdín, Òrí àti Ọyẹ́: Àkíyèsí lórí Ìtàn Ìtọ́jú Awọ Ara ní Ilẹ̀ Àkókó

Ìbéèrè kan ṣoṣo nínú ìwé ìdánwò àṣà Yorùbá ni ó mú wa kọ àpilẹ̀kọ yìí. Ìbéèrè náà ní kí akẹ́kọ̀ọ́ dárúkọ ohun tí àwọn baba ńlá wa fi ń pa ara ní ìgbà ọyẹ́, kí ó sì ṣàlàyé bí a ṣe ń ṣe é. Akẹ́kọ̀ọ́ kan láti agbègbè Ìpè-Àkókó dáhùn pé àdín ni. Ó kọ ojú ìwé kan gbáko lórí rẹ̀: bí a ṣe ń pa ekùrọ́, bí a ṣe ń dín in nínú ìkòkò, bí a ṣe ń ré òróró ojú rẹ̀. Nínú ìwé atọ́nà tí wọ́n fún àwa tí a ń yẹ ìwé wò, òrí nìkan ni ó wà níbẹ̀. A bi ẹni tí ó jẹ́ olórí wa léèrè, ó ní kí a tẹ̀ lé ìwé atọ́nà. Òdo ni ọmọ náà gbà lórí ìbéèrè yẹn, àwa náà ni a sì fi ọwọ́ ara wa kọ òdo náà sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn wa. Ohun tí a fẹ́ fi hàn níhìn-ín ni pé ìtàn gbè lẹ́yìn akẹ́kọ̀ọ́ yìí. Ní ilẹ̀ Àkókó, pàápàá ní apá gúúsù rẹ̀ tí Ìpè wà, àdín ni ìpara ojoojúmọ́ tí ìdílé lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe. Òrí jẹ́ ohun tí a ń rà lọ́jà, tí ó ti ọ̀nà jíjìn wá. Ẹni tí ó bá fi òrí nìkan ṣe ìdáhùn ti gbé àṣà apá kan ilẹ̀ Yorùbá wọ gbogbo wa lọ́rùn.

Kí a tó dé ibẹ̀, ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ irú ọyẹ́ tí a ń sọ. Ọyẹ́ ni atẹ́gùn gbígbẹ tí ó máa ń fẹ́ láti àríwá ìlà-oòrùn, láti aṣálẹ̀ Sàhárà, láti nǹkan bí ìparí oṣù kọkànlá títí di oṣù kejì ọdún. Púpọ̀ nínú eruku tí ó ń gbé wá ni ó ti ibi kòtò ńlá kan wá ní orílẹ̀-èdè Ṣáàdì, tí wọ́n ń pè ní Bodélé. Kí ó tó dé Èkó, ọ̀rinrin òkun a ti pàdé rẹ̀ lọ́nà, agbára rẹ̀ a sì ti dín kù. Kò rí bẹ́ẹ̀ ní Àkókó. Orí òkè àti àárín àpáta ni àwọn ìlú wọ̀nyí tẹ̀dó sí, Ìkàrẹ́, Ọ̀kà, Àkùngbá àti àwọn yòókù. Ibẹ̀ náà ni igbó ti ń parí tí ọ̀dàn sì ń bẹ̀rẹ̀. Bí oòrùn bá wọ̀, ooru a sá kúrò lára àpáta, òwúrọ̀ a tutù nini, ọ̀sán a sì gbẹ táútáú. Ètè a là, gìgísẹ̀ a là, ara ọmọdé a funfun bí ẹni tí ó yí nínú eérú.

Àkọsílẹ̀ kan wà lórí èyí tí ó ti pẹ́. Ní ọdún 1781, dókítà ará Gẹ̀ẹ́sì kan, Matthew Dobson, tẹ ìròyìn kan jáde lórí ọyẹ́ nínú ìwé àtìgbàdégbà ẹgbẹ́ Royal Society ní Lọ́ńdọ̀nù. Ọ̀dọ̀ Robert Norris, oníṣòwò tí ó ti gbé ní etíkun Dàhòmì, ni ó ti gbọ́ èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Norris ní ojú, imú, ètè àti òkè ẹnu a máa gbẹ. Bí atẹ́gùn náà bá sì fẹ́ fún ọjọ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún, awọ ọwọ́ àti ti ojú a bẹ̀rẹ̀ sí bó, lẹ́yìn náà ara yòókù. Kí ẹ̀yin akẹgbẹ́ wa kíyè sí ọ̀rọ̀-ìṣe náà, bó, nítorí a ó padà sí i.

Ọ̀rọ̀ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń lò fún ọyẹ́, harmattan, èdè Akan ní Ghana ni àwọn ìwé atúmọ̀ tọ́ka sí gẹ́gẹ́ bí orísun rẹ̀. Àwọn òǹkọ̀wé ayé àtijọ́ kan tilẹ̀ tú u sí 'fẹ́' àti 'ọ̀rá', wọ́n ní ọ̀rá tí àwọn ará etíkun Fanti fi ń pa ara kí ó má baà gbẹ ni ó wà nínú orúkọ náà. A kò lè fọwọ́ sọ̀yà pé ìtúpalẹ̀ yìí tọ̀nà; ó jọ ohun tí a fi ojú inú rò. Síbẹ̀ ó fi hàn pé àwọn àlejò tí ó kọ́kọ́ kọ̀wé nípa ọyẹ́ kò lè sọ̀rọ̀ rẹ̀ láìsọ̀rọ̀ ìpara.

Òrí, ará òkè ọ̀dàn

Òrí ní ìtàn tí ó lọ́lá, kì í ṣe pé a fẹ́ bù ú kù. Ibn Battuta, arìnrìn-àjò ará Mọ̀rókò tí ó dé ilẹ̀ Málì ní 1352, ròyìn èso igi kan tí àwọn ènìyàn ń fún òróró rẹ̀, tí wọ́n fi ń se oúnjẹ, tí wọ́n fi ń tan àtùpà, tí wọ́n sì ń fi pa ara. Àwọn onímọ̀ gbà pé òrí ni. Mungo Park náà rí igi yìí ní ilẹ̀ Bambara ní 1796. Ó kọ ọ́ nínú ìwé ìrìn-àjò rẹ̀ tí ó jáde ní 1799 pé òrí funfun ju bọ́tà tí a fi wàrà màlúù ṣe lọ, ó le jù ú lọ, ó sì dùn mọ́ òun lẹ́nu jù ú lọ. Nítorí Park yìí ni àwọn onímọ̀ ewéko fi ń pe igi náà ní parkii fún ìgbà pípẹ́, kí wọ́n tó padà sí orúkọ tí a mọ̀ ọ́n sí lónìí, Vitellaria paradoxa.

Ibi tí igi náà ń hù ni kókó ọ̀rọ̀. Láti Senegal títí dé Uganda ni a ti ń rí i, ṣùgbọ́n inú ọ̀dàn ni, kì í ṣe inú igbó ńlá. Ní ilẹ̀ Yorùbá, apá Ṣakí, Ìgbòho, Kìṣí àti ilẹ̀ Ọ̀yọ́ Ilé àtijọ́ ni ilé rẹ̀, àti ilẹ̀ Ìlọrin. Bí a bá kọjá ibẹ̀, a wọ ilẹ̀ Ìbàrìbá àti ti Núpé. Kì í ṣe igi tí ènìyàn ń gbìn kí ó tó jẹ nínú rẹ̀ lọ́dún mélòó kan. Ó máa ń tó ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tàbí ogún kí ó tó so èso gidi. Ẹni tí ó ń gbé ní Ìpè kò lè jáde sí ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ kí ó ṣa èso òrí. Láti àríwá ni ó ní láti ti wá, láti apá Kàbà àti ilẹ̀ Núpé, lórí oníṣòwò.

Ọ̀nà náà kò sì fi ìgbà gbogbo rọgbọ. Ní ìdajì kejì ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ogun àwọn Núpé láti Bídà da gbogbo apá Kàbà àti Àkókó láàmú, wọ́n ń kó ènìyàn lẹ́rú. Ìgbà tí ilé-iṣẹ́ Royal Niger Company ṣẹ́gun Bídà ní oṣù kìn-ín-ní 1897 ni agbára wọn tó fọ́. Ọ̀nà tí òrí ń bá wá náà ni àwọn ológun ń bá wá. A kì í wá ìpara lọ sí ojú ogun. Nígbà tí òrí bá dé ọjà, a ń rà á níwọ̀nba, a sì ń fi í pamọ́ fún ohun tí ó ṣe pàtàkì: ara ọmọ tuntun, eegun tí ó yẹ̀, imú tí ó dí. (Lórí ti imú yìí, àwọn ìyá wa kò ṣìnà. Ní 1979, A. Tella tẹ ìwádìí kan jáde nínú ìwé àtìgbàdégbà àwọn oníṣègùn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí ó fi hàn pé òrí ń là imú dídí.)

Kí ló dé tí òrí nìkan fi wọ inú ìwé atọ́nà? Èrò tiwa ni pé ohun méjì ni ó fà á. Èkíní, apá Ọ̀yọ́, níbi tí òrí pọ̀ sí, ni púpọ̀ nínú àwọn tí ó kọ ìwé àṣà fún ilé-ẹ̀kọ́ ti mú àpẹẹrẹ wọn. Èkejì, òrí ní ipò nínú ẹ̀sìn: a ń lò ó fún Ọbàtálá, funfun ni òun náà. Àdín ní tirẹ̀ jẹ́ èèwọ̀ Èṣù, gbogbo ẹni tí ó bá ti kọ́ nípa àwọn òrìṣà ni ó mọ èyí. Ohun tí a mọ̀ sí èèwọ̀ kì í yá òǹkọ̀wé lára láti fi ṣe àpẹẹrẹ ohun rere. Ṣùgbọ́n èèwọ̀ Èṣù kì í ṣe èèwọ̀ gígìsẹ̀ tí ọyẹ́ ti là.

Àdín, ọmọ onílé

Ọ̀pẹ kò ṣọ̀wọ́n ní Àkókó. Bí a bá ti fún epo tán, ekùrọ́ a kù sílẹ̀, ti àwọn obìnrin sì ni ó sábà máa ń jẹ́. Wọn a sá a sí oòrùn, wọn a fi òkúta pa á ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, iṣẹ́ tí ó ń gba sùúrù tí àwọn arúgbó àti ọmọdé sì máa ń jókòó tì. Lẹ́yìn èyí ni a ó da ọmọ inú rẹ̀ sínú ìkòkò gbígbóná láìfi omi sí i, a ó máa rò ó títí yóò fi dúdú tí òróró yóò fi máa jáde lára rẹ̀. Èyí ni àdín dúdú. Àwọn mìíràn a gún un, wọn a sè é nínú omi, wọn a ré òróró tí ó léfòó. Èyí a máa mọ́ ju ti àkọ́kọ́ lọ, òórùn rẹ̀ kò sì le tó o.

Àwa olùkọ́ èdè kò gbọdọ̀ fi orúkọ náà sílẹ̀ láìtú u wò. Ọ̀rọ̀-ìṣe dín wà nínú rẹ̀, mọ́fíìmù à- sì wà níwájú rẹ̀: ohun tí a dín. Òróró tí ó ń sọ bí a ṣe ṣe é ni. Bákan náà ni ìpara: ì-, pa, ara. Ọ̀rọ̀ méjèèjì yìí dára fún ẹ̀kọ́ ìṣẹ̀dá ọ̀rọ̀-orúkọ ju ọ̀pọ̀ nínú àwọn àpẹẹrẹ tí a ń tún lò lọ́dọọdún.

Ohun kan wà tí ẹni tí kò gbé ìlú olókè rí kì í mọ̀ nípa àdín. Bí òtútù bá mú, a máa ń dì. Nǹkan bí ìwọ̀n 24 sí 28 lórí òṣùwọ̀n Celsius ni ó ti ń yọ́, òwúrọ̀ ọyẹ́ ní Àkókó sì máa ń tutù jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìdí nìyẹn tí a fi máa ń gbé ìgò àdín sí ẹ̀bá ààrò kí a tó wẹ̀ fún ọmọ. Omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ ni a fi ń wẹ̀, ara kì í sì í gbẹ tán kí a tó fi àdín pa á. Àwọn oníṣègùn awọ ara ti òde òní ń sọ ohun kan náà: òróró kì í fún ara lómi, ńṣe ni ó ń dí ọ̀nà mọ́ omi tí ó wà nínú awọ kí ó má baà fò lọ, nítorí náà ara tí ó ṣì tutù ni kí a fi í pa.

A kò ní í sọ̀rọ̀ púpọ̀ lórí osùn, nítorí kì í ṣe ìpara ọyẹ́ ní tòótọ́. Ẹ̀ṣọ́ ni, fún ìyàwó, abiyamọ àti ọmọ tuntun. Ṣùgbọ́n a bẹ àwọn olùkọ́ kí wọ́n máa fi àmì ohùn sí i, nítorí a ti rí akẹ́kọ̀ọ́ tí ó kọ ọ́ pé Ọ̀ṣun ni wọ́n fi ń kun ìyàwó. Bákan náà ni òrí àti orí.

Bí ekùrọ́ ṣe kúrò nílé

Kí ló wá mú àdín kúrò ní ẹ̀bá ààrò? Ọjà ni. Láti ìdajì kejì ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni àwọn ará Yúróòpù ti bẹ̀rẹ̀ sí í ra ekùrọ́ fún ọṣẹ àti bọ́tà àtọwọ́dá. Kí ogun 1914 tó bẹ̀rẹ̀, Jámánì ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ń lọ, sí ìlú Hamburg. William Lever, tí ó bẹ̀rẹ̀ ọṣẹ Sunlight ní 1885, wá dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ ní Nàìjíríà ní 1923, Àpápá ni ó sì ti ń se ọṣẹ. Nígbà ogun àgbáyé kejì, ìjọba amúnisìn gba ọjà ekùrọ́ sọ́wọ́ ara rẹ̀ nípasẹ̀ àjọ West African Produce Control Board tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1942. Ní 1949 ni àjọ tí ó wà fún epo àti ekùrọ́ Nàìjíríà nìkan gba iṣẹ́ náà. Ekùrọ́ tí ìyá kan ì bá dín, ó ti di ohun tí ó lè fi san owó orí tàbí owó ilé-ìwé. Ó ń tà á, ó sì ń fi díẹ̀ nínú owó náà ra ọṣẹ tí wọ́n fi irú ekùrọ́ bẹ́ẹ̀ ṣe.

Ọṣẹ wọ̀nyí ń ha ọ̀rá ara kúrò, nítorí náà ìpara tún di dandan jù ti àtẹ̀yìnwá lọ. Vaseline ni ó gba ipò náà. Robert Chesebrough ní Amẹ́ríkà ni ó gba ìwé àṣẹ lórí rẹ̀ ní 1872, inú epo rọ̀bì ni ó ti rí i, kì í ṣe ara igi kankan. A kò lè sọ pé kò dára. Ó ń dí omi mọ́ ara bí àdín, kò sì ní òórùn. Òórùn yìí gan-an ni ó ṣe àdín lóṣì. Nígbà tí ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà ní oṣù kìn-ín-ní 1955, ọmọ tí ó pọ̀ gan-an ni ó wọ ilé-ìwé, àwa olùkọ́ sì ń yẹ̀ wọ́n wò lórí ìlà ní òwúrọ̀: eyín, èékánná, irun, ẹsẹ̀. Ọmọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá funfun jẹgba. Èyí tí ó bá sì fi àdín para, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ jẹ́ kí a gbà á bí ó ṣe rí: ilé-ìwé kópa nínú bí àdín ṣe di ohun ìtìjú, ilé-ìwé kan náà sì tún padà wá gba máàkì lọ́wọ́ ọmọ tí ó rántí rẹ̀.

Bó àti bóra

Ẹ jẹ́ kí a padà sí ọ̀rọ̀-ìṣe tí a fi sílẹ̀. Bó ni ohun tí ọyẹ́ ń ṣe sí awọ, tí a sì ń wá òróró kí ó má baà ṣe é. Lónìí, bí a bá ní ẹnì kan ń bóra, ohun tí gbogbo ènìyàn gbọ́ ni pé ó ń ra ìpara kí awọ rẹ̀ lè bó kí ó sì pọ́n. Ohun tí a ń sá fún ti di ohun tí a ń sanwó fún; a kò mọ ọ̀rọ̀ Yorùbá mìíràn tí ìtumọ̀ rẹ̀ yí padà lọ́nà tí ó burú tó báyìí láàrin ìran méjì.

Ọ̀rọ̀ náà ti délé kí ọ̀rúndún tó kọjá tó parí. Ní 1976, ọdún kan náà tí a dá Ìpínlẹ̀ Oǹdó sílẹ̀, ni Fẹlá Aníkúlápó Kútì gbé àwo Yellow Fever jáde láti fi bá àwọn tí ń bóra wí. Àwọn ènìyàn máa ń sọ pé àjọ ìlera àgbáyé ní obìnrin mẹ́tàdínlọ́gọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún ní Nàìjíríà ni ó ń bóra. Ó yẹ kí olùkọ́ ṣọ́ra kí ó tó fi iye yìí kọ́ ọmọ. Iye bẹ́ẹ̀ wà nínú ìwádìí tí Adebajo tẹ̀ jáde ní 2002, ṣùgbọ́n òǹtajà 450 ní Èkó ni ó bi léèrè, tọkùnrin tobìnrin. Wọn kì í ṣe obìnrin Nàìjíríà, wọn kì í sì í ṣe ará Ìpè.

Ṣùgbọ́n ewu rẹ̀ kì í ṣe àsọdùn. Mákúrì tí ó wà nínú àwọn ọṣẹ àti ìpara kan ń ba kíndìnrín jẹ́. Hydroquinone, bí ó bá pẹ́ lára, a máa sọ awọ di dúdú aláwọ̀ búlúù ní ẹ̀rẹ̀kẹ́, ibi tí ẹni náà fẹ́ kí ó pọ́n gan-an. Àwọn oògùn kan tí ó wà fún àìsàn awọ ń sọ awọ di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ débi pé ojú egbò kì í fẹ́ jinná. Àdéhùn Minamata tí àwọn orílẹ̀-èdè ṣe lórí mákúrì ní 2013 kan irú àwọn ìpara wọ̀nyí, NAFDAC náà sì ti fòfin dè wọ́n ní Nàìjíríà. Bí ọyẹ́ bá wá dé bá irú awọ bẹ́ẹ̀, kò sí ọ̀rá nínú rẹ̀ tí yóò fi jà.

Òrí ní tirẹ̀ ti di èrò òkè òkun. Láti 2000 ni òfin àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù ti fàyè gbà á nínú ṣokoléètì, ó sì kún inú ìpara olówó iyebíye. Ní oṣù kẹjọ 2025, ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà fòfin de kíkó èso òrí tútù lọ sí òkè òkun fún oṣù mẹ́fà, kí a lè máa fún un nílé. Kò sí ẹni tí ó ṣe irú òfin bẹ́ẹ̀ nítorí ekùrọ́ nígbà tí ó ń lọ sí Hamburg.

Ohun tí a ń bẹ̀bẹ̀ fún lọ́dọ̀ àwọn tí ń ṣe ìwé atọ́nà kò pọ̀. Níbi tí ìbéèrè bá ti sọ pé 'àwọn Yorùbá', kí wọ́n fi àyè sílẹ̀ fún òrí àti àdín, kí wọ́n sì fi àyè sílẹ̀ fún ohun tí agbègbè mìíràn bá tún mú wá, bí akẹ́kọ̀ọ́ bá lè ṣàlàyé rẹ̀. Èyí kan àwọn ará Ìpè ju ẹlòmíràn lọ. Èdè tí wọ́n ń sọ nínú ilé kì í ṣe Yorùbá àjùmọ̀lò. Àwọn onímọ̀ ẹ̀dá-èdè kà á mọ́ ẹbí èdè Ẹdó, gẹ́gẹ́ bí ti àwọn aládùúgbò wọn ní Ìsùà. Yorùbá tí ọmọ náà fi kọ ìdáhùn rẹ̀, ilé-ìwé ni ó ti kọ́ ọ dáadáa, ó sì fi àmì ohùn sí ekùrọ́ àti àdín ní gbogbo ibi tí ó ti lò wọ́n. Ní ìparí ojú ìwé náà, ó kọ ọ́ pé alẹ́ ni ìyá òun àgbà máa ń dín tirẹ̀, nígbà tí àwọn ará ilé bá ti sùn, kí èéfín má baà wọ aṣọ ilé-ìwé tí òun fọ̀ sá.